MÀMÁ KWANA UKU: Ìtàn Ìgbésí Ayé Olóògbé Ọdúnayọ̀ Ọbayẹmí (1952–2025)

Ní ọjọ́ kẹta oṣù kìn-ín-ní ọdún 1952, nígbà tí ìrẹsì ọdún tuntun kò tíì tán nínú ìkòkò, ni a bí Màmá wa ní ìlú Ìrágbìjí, ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, sínú ìdílé Thomas Oyèbísí, aránṣọ, àti Dọ́káàsì aya rẹ̀, tí ń hun aṣọ òfì. Ọdúnayọ̀ ni wọ́n sọ wọ́n, orúkọ náà sì ro wọ́n. Àwọn nìkan ni obìnrin láàárín ọmọ márùn-ún, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi tètè mọ bí a ṣe ń pàṣẹ fún ọkùnrin.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní 1958. Bàbá wọn fẹ́ kí wọ́n kọ́ iṣẹ́ aránṣọ, ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́ mìíràn ló wu Màmá. Ní 1975, wọ́n jáde ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìlera, wọ́n sì ń gun kẹ̀kẹ́ láti abúlé dé abúlé. Ní 1977 ni wọ́n ṣe ìgbéyàwó pẹ̀lú Bàbá wa, Ọlá Ọbayẹmí, mẹkáníìkì tí wọ́n tún kẹ̀kẹ́ yìí ṣe lẹ́ẹ̀mẹrin kí wọ́n tó lè sọ tinú wọn jáde.

Ní 1993, ìdílé wa kó wá sí Àbújá. Bàbá ń tún ọkọ̀ ṣe ní Àpò; Màmá rí iṣẹ́ ní ilé ìwòsàn oníyàrá méjì kan ní abúlé tó wà lẹ́yìn Lugbe, níbi tí àwọn àgbẹ̀ Gbàgyí àti àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ láti ilẹ̀ Yorùbá jọ ń gbé. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, ẹgbẹ́ akọrin ni wọ́n wà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ohùn wọn kò bá dùùrù rẹ́ rí.

Ní 2009 ni ohun tí Màmá kò gbàgbé títí wọ́n fi lọ ṣẹlẹ̀. Hàbíbátù, aya bíríkìlà kan láti Ògbómọ̀ṣọ́, gbé Fuad ọmọ rẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́rin, wá. Ibà ti dá a wólẹ̀. Màmá fún un ní oògùn ibà ọlọ́jọ́ mẹ́ta, àárọ̀ àti alẹ́. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, ọmọ ti ń lé adìyẹ kiri. Ìyá rẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ó sì fi ìyókù oògùn pamọ́ sínú agolo mílíìkì de ibà mìíràn. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ibà náà padà dé, gìrì sì mú ọmọ náà.

Màmá bínú gan-an. Bí wọ́n ti ń múra láti gbé ọmọ náà lọ sí ilé ìwòsàn ńlá ni wọ́n ń bá ìyá rẹ̀ wí lójú gbogbo èèyàn. Hàbíbátù kò jiyàn. Ó kàn ní, "Ẹ jọ̀ọ́, Màmá, ẹ̀yin lẹ kọ́ wa. Ẹ ní oògùn ìjọba kì í ṣe ohun à ń fi ṣòfò, pé ká tọ́jú èyí tó bá ṣẹ́ kù."

Òótọ́ ni. Oògùn olómi tí a fi ń mú ara gbígbóná rọlẹ̀ ni Màmá ní lọ́kàn lọ́jọ́ tí wọ́n sọ ọ́, ṣùgbọ́n wọn kò yà á sọ́tọ̀. Ọjọ́ mẹ́rin ni Fuad fi wà láàárín ikú àti ìyè, Màmá kò sì kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn rẹ̀. Wọ́n mọ̀ pé bí ọmọ náà bá kú, ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn ló pa á. Ní ọjọ́ karùn-ún, Fuad béèrè àkàrà, Màmá sì sunkún níwájú àwọn nọ́ọ̀sì tí wọ́n lè bí lọ́mọ.

Ní ọjọ́ abẹ́rẹ́ àjẹsára tó tẹ̀lé e, wọ́n kúnlẹ̀ níwájú àwọn ìyá abúlé, wọ́n ní, "Èmi ni mo ṣì yín lọ́nà. Ẹ má bínú." Ìyá àgbà Gbàgyí kan ní, "Kai, Mama, tashi mana," ó sì fà wọ́n dìde.

Láti ìgbà náà, ẹni tí Màmá bá fún ní oògùn ibà yóò rí wọn ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kẹta, wọn á wò ó bó ṣe ń gbé èyí tó kẹ́yìn mì. Ẹni tí ara rẹ̀ ti yá, tó ti gba oko lọ, wọn á bá a lóko. Bàbá wa gan-an, tí wọ́n kórìíra oògùn bí ológbò ṣe kórìíra omi, kò ríbi sá sí. Àwọn ará abúlé wá sọ Màmá ní Màmá Kwana Uku, èyíinì ni Màmá Ọjọ́ Mẹ́ta ní èdè Haúsá. Wọ́n fẹ̀yìn tì ní 2012, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ wọn kò fẹ̀yìn tì.

Ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù karùn-ún ọdún 2025, Màmá sùn ní ilé wa ní Lugbe, wọn kò sì jí mọ́. Ó dùn wá, ṣùgbọ́n ọpẹ́ wa pọ̀ ju ẹkún wa lọ.

Dọ̀tun, àkọ́bí wọn, rò pé kò yẹ ká kọ àṣìṣe ìyá ẹni sínú ìwé ìsìnkú. Ṣùgbọ́n Màmá ti pa á láṣẹ pé ká kọ ọ́, nítorí àwọn tí yóò kà á náà ní oògùn àjẹkù nílé. A wá lọ gba àṣẹ lọ́wọ́ Hàbíbátù. Ó gbọ́ wa dé ìparí, ó ní ká kọ gbogbo rẹ̀, ká sì kọ orúkọ ọmọ òun síbi tó yẹ ẹ́.

Màmá fi Bàbá wa sáyé lọ, pẹ̀lú ọmọ-ọmọ méje, tí Shalom jẹ́ àbíkẹ́yìn wọn. Àwọn ọmọ tí wọ́n fi sílẹ̀ ni Dọ̀tun, Tèmídayọ̀, Ìrètíolúwa àti Fuad.

Màmá wa, ẹ sùn re. Kí ilẹ̀ dẹ̀ yín lára.