Pupa Ni Kí Ẹ Tẹ̀

Ọmọ ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Kí ìwé yìí bá ọ lórí ìdúró, kó má bá ọ lórí ibùsùn àìsàn. Ara tèmi le. Orúnkún ọ̀tún ń dùn mí, ṣùgbọ́n ó ti ń dùn mí kí wọ́n tó bí ọ, ìyẹn kì í ṣe ìròyìn. Bàbá rẹ wà, ìyá rẹ wà, òrùlé tó ń jò ṣì ń jò. Dókítà ló ń bá mi kọ ìwé yìí. Kì í ṣe dókítà alábẹ́rẹ́ o. Atúnrédíòṣe tó wà nísàlẹ̀ òpópó wa ni, àdúgbò ló ń pè é bẹ́ẹ̀. Nígbà tó o bá fi máa kà á délẹ̀, wàá mọ ìdí tó fi jẹ́ òun.

Ọ̀rọ̀ fídíò ni mo bá wá. Ó rú mi lójú, mi ò sì fẹ́ kó rú ìwọ lójú. Kásẹ́ẹ̀tì keje tó o ya ara rẹ sí, tó o fi ránṣẹ́ láti ibi tó o ti ń ṣiṣẹ́, dé ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn. Mo dúró títí bàbá rẹ fi lọ síbi iṣẹ́, tí ìyá rẹ náà fi jáde, nítorí kásẹ́ẹ̀tì rẹ nìkan ni ìwé tí mo lè dá kà láyé yìí. Bí ènìyàn bá kọ ìwé sí mi, ẹlòmíràn ni yóò kà á fún mi, onítọ̀hún á sì ti mọ ọ̀ràn mi kí èmi tó mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n kásẹ́ẹ̀tì, n ó kàn tì í sẹ́nu ẹ̀rọ, n ó tẹ pupa tó wà lára rẹ̀, ìwọ á jókòó síwájú mi, ilé á wá ku àwa méjì.

Lọ́jọ́ náà, mo tì í sẹ́nu ẹ̀rọ, mo tẹ pupa. Òjò funfun ló bo ojú tẹlifíṣọ̀n, ó ń hó ṣàà bí epo tó gbóná. Mo ní bóyá ìwọ lò ń múra lọ́wọ́. Mo jókòó tì í. Ó hó títí oorun ọ̀sán fi gbé mi lọ. Mo jí, ó ṣì ń hó.

Mo rò pé kásẹ́ẹ̀tì tuntun náà ni kò dáa. Mo mú àkọ́kọ́ jáde, èyí tó o ti fi fèrèsé yàrá rẹ hàn mí. Òjò. Mo mú ìkejì, èyí tó o ti wọ aṣọ iṣẹ́ rẹ tó ò ń yí pooyì bí òkòtó. Òjò. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, mo dán ẹ̀kẹta àti ẹ̀kẹrin wò, mo sì fún ọ̀kọ̀ọ̀kan láyè dáadáa kó lè mọ́jú. Òjò ni gbogbo wọn. Mo bú ẹ̀rọ náà débi pé ìyá rẹ yọjú wò bóyá àlejò ni mò ń bá jà.

Bàbá rẹ wò ó, ó ní, "Ìyá, ó ti gbó. Ẹ jẹ́ ká gbé e sọnù ká ra tuntun." Mo bi í bóyá tuntun yẹn ń gba kásẹ́ẹ̀tì. Ó ní rárá, àwo pẹrẹsẹ ló ń gbà, àwòrán inú rẹ̀ sì mọ́lẹ̀ kedere. Mo ní, "Ṣé ọmọ rẹ wà nínú àwo?" Télọ̀ tó kọjú sí ilé wa ní kí n má dá a lóhùn, orí ẹ̀rọ náà ló dọ̀tí, àtúnṣe ló fẹ́. Mo ní, "Orí? Ọrùn rẹ̀ dà?" Ó ní inú ni orí rẹ̀ wà. Mo ní irú orí wo ló ń gbé inú ikùn? Ọkùnrin tó ń ta ẹ̀rọ ní ṣọ́ọ̀bù tiẹ̀ ní ẹni tó bá ń tún irú èyí ṣe lóde òní, òkú ló ń fún lóògùn. Ẹni mẹ́ta, ẹnu mẹ́ta. Ọ̀rọ̀ tí mo bá gbà láàárọ̀, kò ní dọ̀sán kí òmíràn tó yẹ̀ ẹ́. Èmi tí mo fẹ́ ọkọ, tí mo bí ọmọ márùn-ún, tí mi ò bi ẹnikẹ́ni léèrè, ẹ̀rọ dúdú kan ló wá sọ mí di ẹni tó ń tọrọ ìmọ̀ràn kiri.

Nígbà tó sú mi, mo di ẹ̀rọ náà sínú ìborùn, mo kó kásẹ́ẹ̀tì méjèèje sínú báàgì, mo gbé wọn lọ bá Dókítà. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo sinmi lọ́nà. Ó tú ikùn rẹ̀, ó fi búrọ́ọ̀ṣì gbọn eruku, ó ti kásẹ́ẹ̀tì tirẹ̀ bọ̀ ọ́ lẹ́nu. Àwọn ènìyàn jáde, wọ́n ń rìn, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ìyá, ara ẹ̀rọ yín yá." Mo ní ojú rẹ̀ ni kò yá. Ó ní, "Ó dáa, ẹ jẹ́ kí n rí bí ẹ ṣe ń lò ó." Mo ti kásẹ́ẹ̀tì rẹ sí i, mo wá pupa, mo nawọ́. Ó gbá ọwọ́ mi mú. "Ìyá, ta ló ní kí ẹ máa tẹ eléyìí?"

Mo ní ìwọ ni. Ṣé o rántí? Lọ́jọ́ tó o fẹ́ lọ, o yọ kútẹ́ẹ̀sì tó ò ń kùn sí èékánná, o kán an sórí ibi títẹ̀ tó tóbi jù lára ẹ̀rọ, o ní, "Ìyá àgbà, pupa ni kí ẹ tẹ̀. Ẹ má fọwọ́ kan ìyókù." Bí mo ṣe ń tẹ̀ ẹ́ nìyẹn fún kásẹ́ẹ̀tì mẹ́fà. Dókítà fi imú kan ẹ̀rọ náà, ó ní òórùn kẹrosíìnì ni òun ń gbọ́. Ibẹ̀ ni mo ti rántí pé ní ọjọ́ tó ṣáájú kí kásẹ́ẹ̀tì rẹ tó dé, ìyá rẹ nu pálọ̀, ó nu gbogbo ohun tí kò lè sá fún un. Ó rí pupa, ó pè é ní ìdọ̀tí, ó fi kẹrosíìnì pa á rẹ́. Pupa mìíràn wà níbẹ̀ látilẹ̀, kékeré bí ojú èèrà, àwọn tó ṣe ẹ̀rọ náà ló fi í síbẹ̀. Òun ni mo rí. Mo rò pé tèmi ló ṣá, tó sì sún díẹ̀.

Ẹ̀ẹ̀mẹ́rin ni Dókítà ṣàlàyé rẹ̀ kó tó yé mi. Ẹ̀rọ tó ń fi àwòrán hàn, ó tún ń gba àwòrán sílẹ̀, pupa kékeré yẹn ló sì ń sọ fún un pé kó gbà. Kò sí wáyà ańtẹ́nà lẹ́yìn rẹ̀, nítorí náà òfo ló ń rí, òfo ló sì ń tẹ́ lé ọ lórí. Bí mo ṣe ń dúró tó kó mọ́jú, bẹ́ẹ̀ ni mò ń pa ọ́ rẹ́ tó. Fèrèsé yẹn ti lọ. Nínú ti aṣọ iṣẹ́, ìlàjì òkòtó ló kù. Ẹ̀karùn-ún àti ẹ̀kẹfà nìkan ni mi ò dán wò. Dókítà bu omi fún mi, mo ní òùngbẹ kò gbẹ mí.

Ó bá mi fi keje hàn. Òjò, òjò, òjò. Lójijì ni o yọ, ẹnu rẹ ń sọ̀rọ̀ lọ: "...nítorí náà, Ìyá àgbà, ohun tí mo bi yín yẹn, bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ ni mo fẹ́. Bí ẹ bá ní bẹ́ẹ̀ kọ́, mi ò ní ṣe é. Ẹ jọ̀ọ́, kí oṣù tó ń bọ̀ yìí tó parí. Ẹ má tíì sọ fún bàbá mi o." O rẹ́rìn-ín, o fi àtẹ́lẹwọ́ nu ojú. Ó tán.

Ọmọ, kí lo bi mí?

Oṣù tó o wí ti wọlé, ó ku ọjọ́ mẹ́sàn-án kó parí. Dókítà ní ìwé yìí á lo ọjọ́ mẹ́rin lọ́nà. Mi ò lè pè ọ́: ẹ̀gbẹ́ àga bàbá rẹ ni fóònù wa wà, ọ̀gá rẹ ló sì ń gbé tiyín. Dókítà ti gbọ́ ohun tó o wí, ìdí nìyẹn tí mo fi ní òun náà ni yóò kọ ọ́, kí etí má baà di mẹ́ta. Ó ní kí n kàn dá ọ lóhùn pé bẹ́ẹ̀ ni. Mo ní ta ló ń ra ọjà tí wọ́n dì sínú àpò? Ó ní kí n kúkú ní bẹ́ẹ̀ kọ́. Mo ní ọmọ yìí ti ní òun máa gbọ́ tèmi. Ṣé ilẹ̀kùn tí mi ò rí ni kí n fi ẹnu mi tì?

Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí mo rí. Ní ìparí kásẹ́ẹ̀tì mẹ́fà àkọ́kọ́, ìwọ lò ń dìde, tí wàá sún mọ́ mi títí imú rẹ á fi kún ojú tẹlifíṣọ̀n, kó o tó na ọwọ́ pa ẹ̀rọ tó ń yà ọ́. Mo mọ imú yẹn. Lọ́tẹ̀ yìí, o jókòó jẹ́ẹ́, ọwọ́ rẹ méjèèjì wà lórí itan rẹ, ẹ̀rọ sì kú. Kọ́ọ̀pù méjì ló wà lórí tábìlì. Mi ò mọ̀wé, mo mọ kọ́ọ̀pù kà. Ta ló pa ẹ̀rọ náà?

Ìdáhùn mi nìyí. Mi ò ní bẹ́ẹ̀ ni, mi ò sì ní bẹ́ẹ̀ kọ́. Bí oṣù bá fẹ́ parí, kó parí; má ka ìdákẹ́ mi sí bẹ́ẹ̀ kọ́. Má dáwọ́ ohunkóhun dúró nítorí pé o ò gbọ́ ohùn mi. Tún un bi mí.

Mo ti sọ fún bàbá rẹ pé wọ́n ti tún fídíò ṣe. Irọ́ kọ́ ni. Ẹni tó ń lò ó ni wọ́n tún ṣe. Bó bá fẹ́ ra èyí tó ń gba àwo, kó rà á, kí àwọn méjèèjì jókòó ti ara wọn. Mi ò sọ nǹkan kan fún ìyá rẹ. Ẹni tó ń nu ilé kò ṣẹ̀ mí.

Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ọwọ́ rẹ ṣìnà bíi tèmi. Kí ẹni tó o fọkàn tán má já ọ kulẹ̀. Ibi tó o bá jókòó sí, kó gbà ọ́. Ibi tó o bá dìde lọ, kí wọ́n fi àyè sílẹ̀ dè ọ́.

Èmi ni,
Ìyá tó bí bàbá rẹ.
(Ìka mi ni dúdú tó wà nísàlẹ̀ yìí. Dókítà ló fi tádáwà yí i.)

Àfikún: Dókítà ti fi gọ́ọ̀mù lẹ bọ́tìnnì ẹ̀wù mọ́ èyí tó yẹ kí n máa tẹ̀, ó sì fi pílásítà bo pupa kékeré bí ojú èèrà yẹn. Ó ní ahọ́n kékeré kan wà lẹ́yìn kásẹ́ẹ̀tì. Bó o bá ṣẹ́ ẹ kó o tó fi ránṣẹ́, kò sẹ́ni tó tún lè tẹ́ òfo lé ọ lórí. Ṣẹ́ ẹ. Bó o bá sì fẹ́ ya èyí tó kàn, ìwọ ni kó o di ẹ̀rọ mú. Kí ẹni tó bá ọ pa ẹ̀rọ lọ́jọ́ yẹn wá jókòó sórí àga.