Aṣọ Ìbora Ọmọ Rẹ Ti Ṣáájú Rẹ Lọ sí Òkè Òkun

Halvor, Minnesota.
Ọjọ́ Ajé, lẹ́yìn tí mo sá aṣọ tán.

Janelle ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí iṣẹ́ rẹ, mo kí ilé gíga tí o ń gbé, kí Ọlọ́run má jẹ́ kí àpótí tí ó ń gbé yín lọ sókè níbẹ̀ já. Ara wa le. Orúnkún bàbá rẹ ṣì ń dùn ún, àgbàdo ti hù, màlúù tí ó ń tiro nígbà Ọdún Àjíǹde ti bímọ, akọ ni. Ọlọ́run yóò mú ọ dé Ṣáínà, yóò mú ìwọ àti ọmọ tí o fẹ́ lọ gbà tọ́ níbẹ̀ padà wálé, ẹnikẹ́ni nínú yín kò ní sunkún, àfi ọmọ náà, bí ebi bá ń pa á.

Mo kọ́kọ́ pè ọ́ lórí fóònù kí n tó kọ lẹ́tà yìí. Ìwọ fúnra rẹ lo gbé e, o ní o kò sí nílé. Janelle, ohùn rẹ ni mo gbọ́. Mo kí ọ, mo béèrè àlàáfíà rẹ, mo dúró kí o dáhùn, o dákẹ́, nǹkan kan wá dún fíì, ó gé ọ̀rọ̀ mọ́ mi lẹ́nu. Bí inú bá ń bí ọ sí mi, sọ ọ́. N kò kọ́ ọ kí o wà nílé kí o máa ní o kò sí nílé, pàápàá nísinsìnyí tí o fẹ́ di ìyá ọmọ.

Ohun mìíràn tí kò jẹ́ kí n sùn dáadáa ni pé o ní àwọn ọlọ́pàá ti fi yíǹkì tẹ gbogbo ìka rẹ nítorí ọmọ yìí. N kò tíì sọ fún bàbá rẹ. Bí o bá ṣe nǹkan, jẹ́wọ́ fún mi, èmi ni mo bí ọ. Delores Tollefson, tí oko rẹ̀ bá tiwa pààlà, ní òfin ni, gbogbo ẹni tó bá fẹ́ gba ọmọ ni wọ́n ń ṣe é fún, wọ́n á tún wá wo inú fìríìjì rẹ̀, wọ́n á béèrè bóyá ó ń mutí. Mo ní tó bá jẹ́ pé wọ́n ń wo fìríìjì kí wọ́n tó gbà kí èèyàn bímọ ni, ta ni ì bá wà ní Halvor yìí? Delores yíjú sí fèrèsé. Bóyá ọmọkùnrin rẹ̀ tí ó wa katakata wọnú adágún omi ló rántí.

Àwòrán ọmọ tí o fi ránṣẹ́ sí ẹ̀rọ fáàsì ilé ẹgbẹ́ àgbẹ̀ ti tẹ̀ wá lọ́wọ́. Mo fọwọ́ kan ìwé náà, ó ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́, mo mọ̀ pé oòrùn Ṣáínà ni. Ó ṣókùnkùn, a kò mọ ibi tí imú wà, síbẹ̀ àwọn ọkùnrin tí wọ́n wá ra ajílẹ̀ pé lé e lórí. Ọ̀kan ní ó jọ ìdílé wa. Òmíràn dorí ìwé náà kodò, ó ní ó tilẹ̀ wá jọ ọ́ sí i báyìí.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ aṣọ ìbora, èyí tí mo tìtorí ẹ̀ jókòó. O ní àṣà Ṣáínà ni pé bí ọmọ tuntun bá ń bọ̀, wọ́n á gba ègé aṣọ kọ̀ọ̀kan lọ́wọ́ ọgọ́rùn-ún èèyàn, pẹ̀lú àdúrà, wọ́n á rán an pọ̀ fún ọmọ náà, kí ó lè mọ iye ẹni tó ń retí òun. Mo gbé e lọ bá àwọn obìnrin tí a jọ ń ránṣọ nísàlẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì. O mọ̀ pé ogójì ọdún ni a ti ń rán aṣọ ìbora fún àwọn ọmọ aláìní lókè òkun, a sì máa ń sunkún bí a ṣe ń rán an. Mo rò pé inú wọn yóò dùn pé ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà ń bọ̀ wá bá wa jókòó. Wọ́n mu kọfí. Wọ́n wo inú ife. Delores wá ní àwọn fẹ́ràn àwọn ọmọ náà gan-an níbi tí wọ́n wà.

N kò mọ̀ bóyá mo ṣe dáadáa, àmọ́ mo ní, "Delores, láti ọjọ́ yìí lo ti ń ránṣọ ránṣẹ́ sí ọmọ yìí. Ó wá fẹ́ yà kí ọ, o ń tilẹ̀kùn."

Ó ní òun kò tilẹ̀kùn, òun kàn ń ro ẹni tí yóò fẹ́ ẹ bó bá dàgbà ni. Mo ní kí ó jẹ́ kó hu eyín ná. Inú bí wọn, àmọ́ o mọ àwa ará ibí, inú kì í bí wa jáde. Wọ́n mú aṣọ wá. Kọ́tìnnì ilé ìdáná ni Delores gé, èyí tí wọ́n ya àkùkọ sí, ó gbàdúrà pé kí òtútù má pa ọmọ náà. Àdúrà gidi ni, mo gbà á. Táì ni pásítọ̀ mú wá. Gbogbo rẹ̀ pé, ó ku ẹyọ kan, ti bàbá rẹ. Mo béèrè títí, ó ní òun fẹ́ lọ wo màlúù. Láti Kérésìmesì tí o ti sọ fún wa, ohun kan ṣoṣo tí ó ti sọ ni pé ṣé ìwọ nìkan ni yóò máa dìde sí i lóru, láìsí ọkọ. N kò mọ èwo ni kí n pe ìyẹn.

Má bínú sí ohun tí mo fẹ́ sọ yìí. Nígbà tí a rán an tán, mo fi àyè ẹyọ kan sílẹ̀ fún bàbá rẹ, mo gbé e sórí tábìlì nísàlẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì, mo lọ mú ìwé pupa tí n ó fi wé e. Kí n tó dé, ọkọ̀ tí ó máa ń kó aṣọ ìbora lọ sókè òkun ti dé, wọ́n sì kó gbogbo ohun tó wà lórí tábìlì, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe. Mo sunkún. Delores ní kí ló dé, ṣé kì í ṣe òkè òkun náà ni Janelle ń lọ ni? Mo wá rí i pé kò burú. Bí o bá dé Ṣáínà, béèrè rẹ̀, sọ fún wọn pé àkùkọ wà ní igun rẹ̀. Bí wọ́n bá ti fún ọmọ mìíràn, má gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, kí tiwa kàn fọwọ́ kàn án.

Nígbà tí bàbá rẹ gbọ́ pé ó ti lọ láìsí tirẹ̀ níbẹ̀, kò mu kọfí rẹ̀ tán. Ó mú àlùmọ́gàjí, ó gòkè lọ. Aṣọ dúdú ló mú sọ̀ kalẹ̀. Janelle, kóòtù ìgbéyàwó wa ni, èyí tí ó ní kí n fi sin òun. Mo bi í bóyá orí rẹ̀ pé.

Ó ní, "Ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo gé. Ta ló máa yí mi padà wò níbẹ̀?"

Òun ló wà nínú àpò ìwé yìí. Rán an mọ́ ohunkóhun tí o bá máa fi pọn ọmọ náà. Mo bi í pé àdúrà wo ni kí n kọ sí i, ó ní òun máa sọ ọ́ fún ọmọ náà fúnra òun. Ó fẹ́ wakọ̀ wá pàdé yín ní pápákọ̀ òfurufú, òun tí kò tíì wakọ̀ dé Minneapolis láti ìgbà tí wọ́n ti fẹ ọ̀nà náà. Nítorí náà, jọ̀ọ́, fi owó epo ránṣẹ́, kí o sì fi díẹ̀ lé e, torí a máa ṣìnà.

Kí ọmọ náà gbà ọ́, bí o ṣe ń lọ gbà á. Kí ó mọ ọwọ́ rẹ lójú ẹsẹ̀. Kí ilé yín má ṣe dákẹ́ mọ́. Àmín.

Èmi ni ìyá rẹ,
Arlys

Mo gbàgbé: mo ti fi ìyókù aṣọ alákùkọ Delores lẹ ẹ̀yìn kóòtù náà. Bàbá rẹ kò tíì mọ̀. Má sọ fún un.