Bẹ́ǹṣì Mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n fún Àwọn Ọ̀rẹ́ Rẹ

Ọmọ mi àtàtà, ọlọ́rẹ̀ẹ́ rẹpẹtẹ,

Ṣé dáadáa lo wà? Orí tó gbé ọ dé ìlú ńlá kò ní padà lẹ́yìn rẹ. Àwa náà wà láàyè, orúnkún mi nìkan ló ń ké bí ilẹ̀kùn àtijọ́. Bàbá rẹ ní kí n kí ọ, wọ́n tún ní kí o bá àwọn kí ẹgbẹ̀rún mẹ́rin ọ̀rẹ́ rẹ inú fóònù, ṣùgbọ́n kí o pín in sí ọ̀sẹ̀ méjì, kó má baà rẹ̀ ọ́.

Iná jó ṣọ́ọ̀bù Eyínfúnjowó, ọ̀rẹ́ rẹ aránṣọ. Ẹ̀rọ ìránṣọ méjèèjì jóná, aṣọ àwọn oníbàárà jóná, Ọlọ́run ló yọ òun fúnra rẹ̀. Mo mọ̀ pé o ti gbọ́, nítorí ọmọ nọ́ọ̀sì àdúgbò wa ya àwòrán eérú náà sínú fóònù, ó fi ránṣẹ́ sí gbogbo yín, ó sì fi hàn mí pé o ti fi àtàǹpàkò kan ránṣẹ́, pẹ̀lú ojú kan tó ń sunkún. A dúpẹ́ o. Mo wá àtàǹpàkò náà títí nínú ẹrù tí awakọ̀ kó wá, mi ò rí i. Bóyá ó ṣì wà lọ́nà.

Ọmọ nọ́ọ̀sì tún ka ọ̀rọ̀ àwọn ọ̀rẹ́ yín sí mi létí, gbogbo wọn ló ní àwọn wà pẹ̀lú Eyínfúnjowó. Mo ní mélòó ni wọ́n? Ó ní ọ̀ọ́dúnrún lé méjìlá. Háà! Èèyàn á ṣe sọ pé òun wà pẹ̀lú ẹni kó má wá? Mo gbálẹ̀, mo yá bẹ́ǹṣì mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n nílé ìwé, méjìlá méjìlá lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n fún mọ́ra, ọ̀rẹ́ ṣáà ni wọ́n. Mo se ìkòkò oúnjẹ ńlá mẹ́ta, bàbá rẹ lọ dúró ní ìkóríta láti júwe ilé fún wọn, mo sì ní kí Eyínfúnjowó wẹ̀ kó múra, àlejò ń bọ̀.

Oúnjẹ tutù. Ìyá Oníbúrẹ́dì, ọ̀rẹ́ mi, nìkan ló wá, kò sì ní fóònù. Ó wo bẹ́ǹṣì, ó wò mí, ó bu oúnjẹ, ó jẹun. Ọjọ́ kejì ló tó fi mí rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Bí èèyàn bá dàgbà, irú ọ̀rẹ́ tí wọ́n ń ní nìyẹn.

Ti ìwọ àti Eyínfúnjowó ńkọ́? Nígbà tí ẹ wà lọ́mọ ọdún mẹ́fà, bàtà rẹ já, ó bọ́ ẹsẹ̀ kan tirẹ̀ fún ọ, ẹ̀yin méjèèjì wá ń fẹsẹ̀ kan fò lọ sílé ìwé. Ẹ di ọmọge, ẹ bára yín ṣodì oṣù mẹ́ta gbáko nítorí ọ̀rẹ́ tuntun kan tó ní agbòjò pupa, ẹ ń na ọrùn kọjá ara yín, bẹ́ẹ̀ mo ń gbọ́ ẹkún rẹ nínú yàrá. Nígbà tí o sì fẹ́ lọ wáṣẹ́, aṣọ tó rà fún ara rẹ̀ ló gé, tó rán fún ọ. Ní báyìí tí ẹ dàgbà tán, ó ku àtàǹpàkò. Ọ̀làjú dé, mo kí ọ o.

Ohun tó ń dùn mí nìyí. Láti ọjọ́ bẹ́ǹṣì yẹn, tí èmi fúnra mi mú un jókòó síwájú àga òfìfo, kò fọwọ́ kan abẹ́rẹ́ mọ́. Wọ́n fẹ́ yá a ní ẹ̀rọ, ó kọ̀, ó ní òun ò ránṣọ mọ́ láyé òun. Ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù tó jó ló ń jókòó sí, ìwọ nìkan ló sì ń bèèrè. Àánú ṣe mí, ẹnu mi yọ̀, mo ní o ń bọ̀ ní Sátidé. Ọmọ náà dìde, ó wá ìgbálẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí gbá eérú.

Ní ti owó, o mọ̀ mí, mo máa tọrọ. Fi owó ránṣẹ́ fún bẹ́ǹṣì kan tí bàbá rẹ dá lẹ́sẹ̀, àti fún egbòogi orúnkún mi. Owó ọkọ̀ rẹ wà nínú àpòòwé yìí, mo ta adìẹ méjì. Àlọ nìkan ni, wá owó àbọ̀ fúnra rẹ.

Iná kò ní jó ọ, o ò ní wá ẹni tì, ọmọ tìrẹ náà yóò ní ọ̀rẹ́ gidi. Ọ̀ọ́dúnrún lé méjìlá ti parọ́ fún Eyínfúnjowó. Jọ̀ọ́, má fi ìyá rẹ kún wọn.

Èmi ni,
Ìyá rẹ.