A Palẹ̀ Àwọn Aláìsàn Mọ́ De Àlejò

Ọjọ́bọ̀, 13 Oṣù Kẹta, 1986

Ọ̀dà ṣì ń rùn lára yúnífọ́ọ̀mù mi.

Àwọn àlejò láti Èkó wá wo ilé ìwòsàn wa lónìí. Wọ́n ń wá ibi tí àwọn dókítà ọ̀dọ́ yóò ti máa kọ́ṣẹ́ sí i. À ń fẹ́ kó jẹ́ ọ̀dọ̀ wa, nítorí dókítà kan ṣoṣo tá a ní, Ìjẹ̀bú-Òde ló ń gbé, ọjọ́ Ajé nìkan la sì ń rí i.

Bàbá alága ìgbìmọ̀ ìlú ní a ò gbọdọ̀ gba àlejò nínú ìdọ̀tí. A kun ògiri, a tẹ́ aṣọ funfun sórí bẹ́ẹ̀dì. Bàbá tún ní kí àwọn aláìsàn lọ sílé títí àlejò á fi lọ. Mo ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, bí kò bá sí aláìsàn, ta ni wọ́n fẹ́ fi kọ́ṣẹ́?" Wọ́n ní mi ò mọ àlejò ṣe.

Ọ̀gá àwọn àlejò yìn wá pé ibẹ̀ mọ́. Ó wo àwọn bẹ́ẹ̀dì òfìfo, ó béèrè pé, "Àwọn ará ìlú ńkọ́? Ṣé ara wọn le?"

"Ara wọn le, a dúpẹ́," ni Bàbá dáhùn.

Ọkùnrin náà kọ ọ́ sílẹ̀.

Ó dà bíi pé Èkó ni wọn yóò fi àwọn dókítà ọ̀dọ́ náà sí, níbi tí dókítà ti ń fi èjìká kan ara wọn. Mo fẹ́ bínú sí Bàbá, àmọ́ lójú tiwọn, àlejò ni wọ́n ṣe dáadáa.

Nírọ̀lẹ́, ìyá arúgbó tí ẹsẹ̀ wọn wú padà dé. Wọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń wo aṣọ funfun náà, wọn ò fẹ́ jókòó lé e.

"Nọ́ọ̀sì, ṣé àlejò ti lọ? Ṣé a lè máa ṣàìsàn wa lọ?"