Ẹ Jẹ́ Kí Ìyá Ọmọ Sinmi

Ojúlé Kejìlá,
Òpópónà Ìdọ̀fà,
Ayétòrò,
Ìpínlẹ̀ Ògùn.
Ọjọ́ Kẹrìnlá, Oṣù Kẹsàn-án, 2025.

Mẹ̀dínátù, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Mo kí ọ kú ilé, mo sì kí ọ kú òjò tí kò fẹ́ dá mọ́ yìí. Ṣé ara le? Bàbá àwọn ọmọ ńkọ́? Ṣé Toheebat ti padà sí ilé-ìwé? Mo gbọ́ pé Màmá yín ti ń jókòó síta láàárọ̀, wọ́n sì ti ń bá àwọn tó ń kọjá ṣàwàdà. Ọlọ́run ṣeun. Mo ní ìjà kan fún ọ lórí ọ̀rọ̀ Màmá yìí, ṣùgbọ́n jẹ́ kí n kọ́kọ́ ròyìn ara mi ná. Àlàáfíà ni gbogbo wa wà. Ìdùnnúolúwa ti ń rìn, kò sí ìkòkò tí kò tíì ṣí wò nínú ilé.

O mọ iṣẹ́ wa: igi ẹ̀gẹ́ là ń fún àwọn àgbẹ̀, à ń bá wọn dé oko, à ń wò bó ṣe ń ṣe. Láti ìgbà tí mo ti bí ọmọ yìí ni wọn kò ti jẹ́ kí n jáde mọ́. Ọ̀gá wa, Ọ̀gbẹ́ni Adéjùmọ̀, kì í ṣe ènìyàn burúkú. Bóyá ohun tó mú ọ̀rọ̀ náà le nìyẹn. Bí ìrìn àjò bá ti yọjú, yóò rẹ́rìn-ín sí mi, yóò ní, "Ẹ jẹ́ kí ìyá ọmọ sinmi." Akínlolú, ẹnìkejì mi níbi iṣẹ́, ni yóò gbé ọ̀kadà ọ́fíìsì. Èmi yóò jókòó ti fáìlì bí ìyàwó tuntun. Bẹ́ẹ̀ Ọ̀gá yìí kan náà ló máa ń fi ìyá rẹ̀ yangàn fún wa, pé ó pọn òun láti Ìmẹ̀kọ dé ọjà Kétu pẹ̀lú ẹrù lórí.

Mo ń fara dà á títí wọ́n fi ní àwọn ó ṣí ẹ̀ka tuntun sí Ìlárá, tí wọ́n sì ń wá olórí fún un. Mẹ̀dínátù, mo fẹ́ iṣẹ́ yẹn. Mo fẹ́ ẹ gan-an ni. Ọmọ Ìlárá ni ìyá tó bí mi, mo mọ ilẹ̀ ibẹ̀, mo sì ṣáájú Akínlolú dé ibi iṣẹ́. Kí n tó mọ̀, orúkọ Akínlolú ni Ọ̀gá ń múra láti fi ránṣẹ́ sí àwọn àgbà ilé-iṣẹ́ wa ní Abẹ́òkúta. Kò sẹ́ni tó ní n kò tó o. Kò sẹ́ni tó bi mí rárá ni.

Lóṣù tó kọjá, àwọn àgbẹ̀ Ẹ̀gùá ránṣẹ́ pé ewé ẹ̀gẹ́ àwọn ń pọ́n, ó sì ń ká jọ. Akínlolú kò sí nítòsí, ni Ọ̀gá bá ní kí n bá òun lọ. Ètò ni pé kí n jókòó sínú ọkọ̀ kí oòrùn má pa mí, kí òun wọ oko. A débẹ̀, Bàbá Sàláúdéènì, olórí àwọn àgbẹ̀ náà, wo irun funfun orí Ọ̀gá, ó wo bàtà rẹ̀ tó ń dán, ó bá gbé àga sábẹ́ igi máńgòrò.

"Ẹ̀yin kọ́ lẹ ó máa rin inú ebè, Bàbá. Ẹ jókòó, ẹ gba atẹ́gùn. Ìyàwó wa yìí á bá wa débẹ̀."

Ọ̀gá ní òun lè rìn. Wọ́n ní àwọn mọ̀. Wọ́n gbé omi tútù wá, wọ́n fi àgbàdo sísè tẹ̀ lé e. Nígbà tó tún dìde, wọ́n bẹ̀ ẹ́ pé kó má dójú ti àwọn. Bẹ́ẹ̀ Bàbá Sàláúdéènì tó ń ṣáájú mi wọ oko lọ yìí ju Ọ̀gá lọ lọ́jọ́ orí dáadáa! Nígbà tí a padà dé, èmi ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀ oko, Ọ̀gá ni wọ́n ń bi bóyá àgbàdo náà rọ̀.

Bí a ṣe wọ ọkọ̀ ló bẹ̀rẹ̀. "Ta ló sọ fún wọn pé ó rẹ̀ mí? Ṣé wọ́n bi mí ni? Wọ́n kàn wo irun orí mi!"

Ẹ̀rín ń pa mí, ẹ̀rù sì ń bà mí. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Mo ní, "Wọn ò bi yín, sà. Inúure ni wọ́n fi ṣe é. Inúure yẹn náà lẹ fi ń ní kí n sinmi, ẹ ò sì bi èmi náà rí." Ó ń wakọ̀ lọ ní tirẹ̀ títí a fi dé Ayétòrò, mo rò pé mo ti kó bá ara mi.

Lọ́jọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, ó pe gbogbo wa jọ, ó bi wá pé ta ló fẹ́ lọ sí Ìlárá. Mo nawọ́. Akínlolú kò nawọ́. Ẹnu ya Ọ̀gá. Akínlolú ní bàbá òun tí kò ríran dáadáa mọ́ wà lọ́dọ̀ òun, òun kò fẹ́ kúrò ní Ayétòrò, òun kàn ń wá bí òun yóò ṣe sọ ọ́ ni. Ó ní, "Ẹ ò bi èmi náà, sà." Ojú ti Ọ̀gá, ó sì tún bú sẹ́rìn-ín. Ó ní láti ọjọ́ náà lọ, òun á máa béèrè kí òun tó yan ẹnikẹ́ni síbì kan, pé ẹnu ẹni la fi ń kọ mé jẹ. Àṣà àtijọ́ náà kò tíì bọ́ lára rẹ̀ tán o. Níjọ́ kan ó tún ń rán Edith, akápò wa, kó lọ gbé omi wá fún àwọn àlejò. Ó rántí láàárín ọ̀rọ̀, ó dìde, ó lọ gbé e fúnra rẹ̀.

Orúkọ mi ni Ọ̀gá fi ránṣẹ́, èsì sì dé láti Abẹ́òkúta lánàá. Èmi ni wọ́n mú! Inú mi dùn, mo sunkún. Ìdùnnúolúwa ń bá mi lọ sí Ìlárá, ìyá mi sì ní ẹ̀yìn òun kò tíì gbó jù láti pọn ọmọ.

Ó wá ku ìjà mi. Ẹnu Àrìnpé ọ̀rẹ́ wa ni mo ti gbọ́ pé Màmá ti dùbúlẹ̀ sílé ìwòsàn kí ara wọn tó yá, pé ẹ̀ ń gbà á fún ara yín láti máa sùn tì wọ́n, títí kan Àrìnpé tó ń ti Ìfọ́nyìntẹ̀dó wá. Ó ní o ní kí wọ́n má sọ fún mi, nítorí mò ń tọ́mọ lọ́wọ́. Màmá tó máa ń bu oúnjẹ mi sọ́tọ̀ nígbà tí mò ń gbé lọ́dọ̀ yín lọ sí ilé-ìwé! Mo mọ̀ pé ìfẹ́ lo fi ṣe é. Ó dùn mí gan-an ni. Ǹ bá pọn ọmọ mi, ǹ bá wá jókòó tì wọ́n.

Bá mi kí Bàbá àwọn ọmọ àti Toheebat. Sọ fún Màmá pé èmi àti ọmọ ń bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé, kí wọ́n bu oúnjẹ mi sọ́tọ̀. Ìwọ náà, nígbà míì, ṣáà bi mí. Bí n kò bá ní lè wá, mo lẹ́nu tí n óò fi sọ ọ́.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tí ara rẹ̀ le koko,
Lábísí.