Géèjì Tí Tírà Bò Lójú

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Wọ́n ní kí n wá tọrọ àforíjì lọ́jọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun, lójú gbogbo ẹbí. Ẹ̀yin ni mo kọ́kọ́ fẹ́ sọ fún pé mi ò ní tọrọ nǹkan kan. N ó kúnlẹ̀ kí àwọn àgbà, torí ẹ kọ́ mi nílé. Àforíjì ni wọn ò ní rí gbà lẹ́nu mi.

Ọ̀rọ̀ èmi àti Bàbá Kékeré, àbúrò yín, ni. Òun ló jogún iṣẹ́ yín nílé iṣẹ́ àgbẹ̀ ìjọba ní Ṣakí níbí. Katakata tó dojú dé lé yín lórí náà ni wọ́n tún ṣe fún un. Èmi náà ti ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ báyìí. Wọ́n kó wókì-tókì wá fún wa, ọ̀kan ní ọ́fíìsì, ọ̀kan lórí katakata kọ̀ọ̀kan, èmi ni mo sì ń jókòó ti ti ọ́fíìsì. Ní wákàtí wákàtí ni dírẹ́bà máa ń pè mí láti oko, á sọ ibi tó wà, á ka ohun tí géèjì ọ́ìlì àti ti ooru ń wí, n ó sì kọ ọ́ sílẹ̀. Bí mo bá rí i pé ẹ́ńjìnnì kan ń gbóná lemọ́lemọ́, n ó ti sọ fún mẹkáníìkì kó tó bàjẹ́. Ṣé ẹ lè gbà á gbọ́ pé ẹni tó jókòó sí Ṣakí ń mọ bí ara katakata tó wà lọ́nà Ìgbẹ́tì ṣe rí?

Ẹ̀ bá ti rẹ́rìn-ín. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń gbé àtẹ́lẹwọ́ lé bọ́nẹ́ẹ̀tì, tí ẹ ó dijú, tí ẹ ó ní ara rẹ̀ yá. Omi inú kẹ̀ǹgbẹ̀ yín, katakata lẹ kọ́kọ́ ń fún kí ẹ̀yin tó mu. Mo máa ń jowú katakata yẹn nígbà tí mo wà ní kékeré.

Bàbá Kékeré nìkan ni kì í ka nọ́ńbà fún mi. Bó bá pè, "Alhamdulillah, dáadáa ni" ló máa ń wí. Ni mo bá lọ wo katakata rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan. Tírà tí Ààfáà fi awọ rán fún yín ló tún gbé kọ́ síbi tí ẹ gbé e kọ́, gangan ojú géèjì ooru. Ẹni tó bá jókòó sórí àga kò lè rí abẹ́rẹ́ géèjì náà rárá. Mo tú u, mo gbé e lọ fún ìyá mi.

Ariwo ta. Wọ́n ní mo bọ́ ààbò bàbá mi dànù. Wọ́n ní kádàrá ló pa yín. Ìrun márààrún ni mò ń kí, Bàbá, mo mọ Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Ẹni tó tú ẹ́ńjìnnì yẹn lẹ́yìn ikú yín sọ pé ó gbóná títí tó fi nọ́ọ̀kì, tó kú lórí òkè, tí bíréèkì ò sì lè gbé tírélà iṣu dúró. Abẹ́rẹ́ ti bọ́ sínú pupa, ibi ewu, tipẹ́. Ta ni ì bá rí i?

Lọ́jọ́ Àtàláátà, Bàbá Kékeré pè mí nísàlẹ̀ òkè yẹn gan-an.

"Ìwọ ọmọ yìí, abẹ́rẹ́ yìí ti wọ pupa o. Ṣùgbọ́n òjò ti ṣú, n ó gun òkè ná."

Mo bẹ̀ ẹ́ kó dúró. Ó ní òun ti ń wa katakata kí wọ́n tó bí mi. Ni mo bá pariwo: "Ẹ pa ẹ́ńjìnnì! Ẹ fi òkúta dí táyà ẹ̀yìn, kí ẹ sọ̀kalẹ̀!" Gbogbo dírẹ́bà tó wà lóko ló gbọ́ lórí wókì-tókì tiwọn bí mo ṣe jágbe mọ́ àbúrò bàbá mi. Ó pa á. Nígbà tí àwọn mẹkáníìkì dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, omi inú rédíétọ̀ ti jò gbẹ.

Ó padà wálé lórí ẹsẹ̀ ara rẹ̀, ó jẹun, ó sì ránṣẹ́ pe ẹbí pé mo yájú sí òun. Kó máa bínú lọ. Ẹni tó wà láàyè ló ń bínú.

Ohun tí mi ò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni rèé. Láàárọ̀ ọjọ́ tí ẹ lọ tí ẹ ò padà, èmi ni mo gbé ẹ̀kọ wá fún yín. Mo rí géèjì tí tírà bò. Mo la ẹnu, ojú yín le, mo rántí pé ọmọ kì í kọ́ bàbá níṣẹ́, mo sì ní kí ẹ máa bọ̀ láyọ̀. Bàbá, ká ní mo jágbe mọ́ yín lọ́jọ́ náà, bóyá ẹ̀ bá ṣì máa bá mi yan odì títí di òní. Inú mi ì bá dùn.

Èmi ni,
ọmọ yín tó fẹ́ràn yín, tí kò ní dákẹ́ mọ́.