Ọ̀nà Oko Kòkó Tó Lọ sí Ògiri Orí Òkè

Èmi, Jòsáyà Ògúnbọ̀dé Olúgbádé, àgbẹ̀ kòkó ní Imoru, ni mo sọ ìfẹ́ inú mi ìkẹyìn sílẹ̀ níhìn-ín. Orí mi pé, ẹnikẹ́ni kò fi ipá mú mi. Ẹ̀yin ọmọ mi, Ọmọ́báyọ̀ àti Tẹniọlá, ẹ fetí sílẹ̀. Salahudeen, aládùúgbò mi, ni kó pín ogún mi, torí kì í ṣe ojúsàájú.

1. Ilé tó wà ní Ọ̀wọ̀ di ti Tẹniọlá. Nọ́ọ̀sì ni, ibẹ̀ sún mọ́ ibi iṣẹ́ rẹ̀. Kí Ọmọ́báyọ̀ má bínú. Kánádà ló fi ṣe ilé.

2. Àwọn ewúrẹ́ mi, kí Salahudeen kó wọn. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń jẹ ẹ̀gẹ́ rẹ̀ lóko, kò sì bá mi jà.

3. Oko kòkó jẹ́ ti ẹ̀yin méjèèjì. Ọ̀nà kan la inú rẹ̀ kọjá, ó gun òkè títí dé ògiri òkúta tí àwọn baba ńlá wa mọ láyé ogun. Lọ́dọọdún, bí a bá ká kòkó tán, gbogbo ilé wa ló máa ń gùn ún lọ láti to òkúta tó bá yẹ̀ padà. Ọmọ ilé ló gbọ́dọ̀ ṣíwájú pẹ̀lú àdá. Èèwọ̀ ni kí alágbàṣe la ọ̀nà náà.

Ibẹ̀ ni mo mú Mosúnmọ́lá ìyá yín lọ nígbà tí mo gbé e níyàwó. Ó fọwọ́ kan ògiri, ó ní ó dà bí ẹni pé àwọn tó mọ ọ́n kò níṣẹ́ míì ṣe. Mo rẹ́rìn-ín títí a fi délé. Háà, mo fẹ́ràn obìnrin yẹn!

Lẹ́yìn ikú rẹ̀, èmi nìkan ni mò ń lọ, títí orúnkún mi fi kọ̀. Mo bẹ̀ yín, mo bẹ̀ yín pé kí ẹ wá la ọ̀nà náà. Ọmọ́báyọ̀ ní òun á fi owó alágbàṣe ránṣẹ́, bí ẹni tí kò gbọ́ èèwọ̀ rí. Tẹniọlá ní ajínigbé wà nínú igbó, n kò sì lè bá a jiyàn, torí òótọ́ ni. Ní Kérésì tó kọjá, Ọmọ́báyọ̀ gbé ẹ̀rọ kékeré kan dé tó ń fò, tó sì ń ya àwòrán. Ó fi í ránṣẹ́ sórí oko, ó na fóònù sí mi, ó ní a ti dé òkè náà nìyẹn. Mo wò ó dáadáa. N kò rí ọ̀nà kankan, igbó ti bò ó. Ògiri ti wó lápá ibi tí èmi máa ń tò. Ẹ̀ ń pàtẹ́wọ́. Ó dùn mí wọ eegun.

4. Àdá mi, ẹ fi fún alágbàṣe tó bá kọ́kọ́ béèrè.

5. Ìsìnkú mi. Ní ilé wa, ẹ̀bá ògiri yẹn là ń sin òkú sí, ọmọ ilé ló sì ń la ọ̀nà síwájú pósí. Ẹ má gbé mi lọ síbẹ̀. Ẹ sin mí sí itẹ́ òkú ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà, lẹ́bàá títì, níbi tí mọ́tò lè dé. Èmi ni mo la ọ̀nà fún pósí ìyá yín. Kò sí ẹni tí yóò là á fún tèmi. Kí ìyá yín máa dá sùn níbẹ̀.

Mo fọwọ́ sí i: J. O. Olúgbádé
Imoru, ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Kejì, ọdún 2025.

Lójú àwa ẹlẹ́rìí méjèèjì ló fi ọwọ́ sí i:
Ìbílọlá Adébímpé, tíṣà
Ṣèyíọlá Prosper, aránṣọ